Wà, Rá

Ratnakaji atẹ̀wé, ọmọ Patan,
tí dígí ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò,
ó ti to lẹ́tà fún ọba,
ó sì tò fún àwọn tó lé ọba kúrò láàfin.
Ó ní ìwé òfin tí ẹ fi awọ pupa dì yẹn,
òun ti rí i níhòòhò lórí tábìlì
kó tó wẹ̀, kó tó wọṣọ.

Ẹgbẹ̀ta ènìyàn ó lé ẹnì kan
ni wọ́n kó jọ sí Kathmandu láti kọ ọ́.
Ọdún méjì ni wọ́n dá. Ó di mẹ́ta. Ó di mẹ́rin.
Wọ́n mu tíì tó kún odò Bagmati,
wọ́n jà lórí iye ìpínlẹ̀, wọ́n jà lórí orúkọ ìpínlẹ̀,
títí aago méjìlá òru ọjọ́ kan fi lù,
tí kálukú gbé àpò rẹ̀ relé.
Ìwé ò sí.
Wọ́n tún dìbò.

Ọjọ́ Sátidé kan ni ilẹ̀ wá mì.
Ilé Ratnakaji là láti òrùlé dé ìpìlẹ̀,
àbúrò ìyá rẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀ di ọjọ́ kẹta.
Inú àgọ́ tapólì ló wà tó gbọ́ ọ lórí rédíò
pé àwọn àgbà òṣèlú ti gbà fún ara wọn.
Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò dé eyín.
“Ohun tí ẹnu ọdún méje kò rí yanjú,
àlàpà yanjú rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ méje tó pé.”

Ibi tó dùn ún jù nìyí o.
Ìwé tó kọ́kọ́ dé ọwọ́ rẹ̀ wí pé
ọmọ tí bàbá rẹ̀ tàbí ìyá rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ ilẹ̀ yìí,
ọmọ ilẹ̀ yìí ni.
Ó lọ jẹ ìrẹsì. Ó padà dé.
Yíǹkì pupa ti gba orí “tàbí” kọjá,
“àti” ti jókòó sípò rẹ̀.

Lédè tiwọn, wa ni “tàbí”, ra ni “àti”;
ẹnu ò tíì là tán tí ọ̀rọ̀ ti parí.
Lédè tèmi tí mo fi ń sọ ọ́ fún yín,
wà ni kí ènìyàn wà,
rá ni kó rá mọ́ni lójú.

Ẹ bi Phulmati ará Bardiya,
tó ń fọ abọ́ nílé oúnjẹ ìdíkọ̀.
Ọkọ rẹ̀ gba Qatar lọ:
lẹ́tà méjì, owó ẹ̀ẹ̀kan, ó parí.
Sunkesari ọmọ rẹ̀ mọ ìṣirò ju olùkọ́ rẹ̀ lọ,
kò lè ra káàdì fóònù lórúkọ ara rẹ̀,
kò lè jókòó ìdánwò nọ́ọ̀sì.

Àwọn obìnrin dúró nínú òjò, wọ́n pariwo,
“tàbí” padà wá,
ṣùgbọ́n wọ́n so ìrù mọ́ ọn nídìí:
bí a kò bá mọ ibi tí bàbá wọlẹ̀ sí,
bí bàbá kò bá jẹ́ àjèjì, bí, bí.
Ẹni tó bí ọmọ ni wọ́n ń ka “bí” fún.

Alẹ́ ọjọ́ ìfọwọ́sí, Kathmandu tan fìtílà sójú fèrèsé.
Ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ gúúsù, wọ́n paná ilé wọn,
wọ́n jókòó sókùnkùn, wọ́n ń ka òkú wọn.
Oṣù mẹ́rin lé díẹ̀, aṣọ tuntun ti gba àbùlẹ̀.
Ratnakaji ló tún ojú ìwé náà tò.
Kò da páálí àtijọ́ nù.
Ó ní wọn óò tún padà wá.

Láàárọ̀ yìí, ní ọ́fíìsì àgbègbè,
akọ̀wé wo fọ́tò Sunkesari, ó wo gọ́ọ̀mù tó ń gbẹ,
ó ní, “Bàbá rẹ̀ dà?”
Phulmati gbé ọwọ́ méjèèjì lé tábìlì,
ọwọ́ tí ọṣẹ ti bó.
“Èmi rèé.”
Akọ̀wé ṣí ìwé òfin. Ó ń wá ojú ìwé náà.
Ó ń wá a.